Èdè Àwọn Atukọ̀ Ojú Òkun àti Ìwúlò Rẹ̀

Bí ọmọ Ìkòtún kan bá wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, tí ó sì wá kí àwọn ará ilé rẹ̀, èdè àjèjì ni wọn yóò máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Galley ni yóò pe ilé ìdáná, heads ni yóò pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn kan yóò ní fáàrí ni ó ń ṣe. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1956 ni a dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà sílẹ̀, ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti jogún èdè yìí. Nítorí àṣà kan náà ni ibùdó wọn ní Àpápá, NNS Beecroft, fi ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni ó wà.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó wà fún ààbò ẹ̀mí. Bí ènìyàn méjì bá dojú kọ ara wọn nínú ọkọ̀, ọ̀tún ẹnì kan ni òsì ẹnì kejì. Nítorí náà ni a ṣe ń pe ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, fún ẹni tí ó kọjú sí iwájú rẹ̀, ní starboard, tí a sì ń pe ẹ̀gbẹ́ òsì ní port. Ibi yòówù kí ènìyàn kọjú sí, orúkọ náà kì í yí padà. Ní òru, iná aláwọ̀ ewé ni ti starboard, iná pupa ni ti port.

Ní àtijọ́, larboard ni orúkọ ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí ìjì bá ń jà, ó ṣòro láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí starboard, àṣìgbọ́ sì lè gbé ọkọ̀ lu àpáta. Ní ọdún 1844, àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé port ni kí a máa lò. Èyí yé Yorùbá dáadáa: ẹni tí a rán lọ mú ọkọ́, tí ó mú ọ̀kọ̀ dé, ohùn ni ó ṣì gbọ́.

Bákan náà ni Mayday, igbe ìrànlọ́wọ́ tí a ń ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí rédíò. Inú èdè Faransé ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘ẹ ràn mí lọ́wọ́’. Ẹni tí kò sí nínú ewu kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbèrò iṣẹ́ yìí kọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, kí àwọn òbí má sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Lójú òkun, ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì gbọ́ lè di òfò ẹ̀mí púpọ̀.