Ẹni Tí Ń Júwe Ọ̀nà fún Bàálù

Ọ̀rọ̀ tuntun: bàálù, adarí, ilé ìṣọ́, rédà, àṣẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a wà nínú kíláàsì àwọn àgbà ní Àgọ́-Àrẹ. Bàálù kan ń kọjá lókè réré, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ìyá kan tí ń ta iṣu gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kò sí títì lójú ọ̀run, kò sì sí ọlọ́pàá. Ta ní wá ń júwe ọ̀nà fún eléyìí?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ìbéèrè yín tó ẹ̀kọ́ kan." Ẹ̀kọ́ náà nìyí.

Ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún bàálù kò sí nínú bàálù. Orí ilẹ̀ ló wà. Adarí bàálù ni à ń pè é. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ NAMA ló ń ṣe àkóso iṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Sáríà ní ọdún 1964 jẹ́ ibi kan tí a ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí. Àwọn kan wà nínú ilé ìṣọ́, ilé gíga onígíláàsì tó wà ní pápá bàálù. Àwọn ni wọ́n ń fún bàálù láṣẹ láti gbéra àti láti balẹ̀. Àwọn kejì ń darí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, àti èyí tó ń sún mọ́ pápá. Àwọn kẹta, tí wọ́n wà ní Èkó àti Kánò, ń darí àwọn tó ń kọjá lókè réré. Bí ìyá ti ń gbé ọmọ lé ìyá àgbà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi bàálù lé ara wọn lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣọ́? Àyè tó wà láàárín bàálù kan àti èkejì ni. Awakọ̀ lọ́rí lójú ọ̀nà Ṣakí lè tẹ bíréèkì, kí ó dúró, kí ẹlòmíràn kọjá. Ṣé bàálù ńlá lè dúró lójú ọ̀run? Ó tì o! Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ń kọjá lókè èkejì, àyè àárín wọn kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Bí gíga wọn bá dọ́gba, wọ́n sábà máa ń fi kìlómítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín wọn, níbi tí rédà bá wà. Rédà ni ẹ̀rọ tí ń fi ibi tí bàálù wà han adarí, bí òkùnkùn tilẹ̀ ṣú.

Àyè yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, bàálù ADC kan ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó. Òun àti bàálù mìíràn sún mọ́ ara wọn jù. Awakọ̀ yà bàrá láti yẹ èkejì, ọkọ̀ náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó já sí Ejìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ènìyàn 144 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè.

Kí wá ni irinṣẹ́ adarí? Rédà ni ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé kíkọ ni ọwọ́ rẹ̀. Orí rédíò ló ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń pe nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà dàrú. Lẹ́tà pàápàá ní orúkọ: A ń jẹ́ Alpha, B ń jẹ́ Bravo, kí etí má baà fi B pe D. Fún ìgbà pípẹ́, bàálù kọ̀ọ̀kan ní pẹ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ níwájú adarí. Orúkọ rẹ̀, gíga rẹ̀ àti aago rẹ̀ wà níbẹ̀. Níbòmíràn lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ pẹ́pà náà.

Òfin kan tún wà: bí adarí bá pàṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ padà. Bó bá ṣì í gbọ́, adarí yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó mú kí òfin yìí le sí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife ti ilẹ̀ Sípéènì, bàálù ńlá méjì wà lójú ọ̀nà kan náà ní pápá. Kùrukùru bolẹ̀, wọn kò rí ara wọn. Adarí sọ fún ọ̀kan pé kó dúró de àṣẹ òun. Lásìkò náà gan-an, awakọ̀ kejì ń ké pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn lórí rédíò. "OK" nìkan ni awakọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́ ketekete. Ó sáré, ó kọlu èkejì. Ènìyàn 583 ló kú. Láti ìgbà náà, a kì í fi "OK" nìkan dáhùn àṣẹ mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀kọ́ ti àwa náà wà níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ẹ lo oògùn kan láàárọ̀, kan lálẹ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé, "Mo ti gbọ́." Ẹ tún un sọ sí i létí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Nígbà tí a fẹ́ túká lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, "Ọjọ́rú, aago méje alẹ́, ni ìpàdé wa."

Ìyá oníṣu mú gègé rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, Ọjọ́rú, aago méje alẹ́, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè
1. Níbo ni adarí bàálù wà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́?
2. Kí ni lọ́rí lè ṣe lójú ọ̀nà tí bàálù kò lè ṣe lójú ọ̀run?
3. Èé ṣe tí awakọ̀ fi ń tún àṣẹ sọ padà?
4. Kọ iṣẹ́ kan tí wọ́n rán ọ lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀, kí o sì kà á fún ẹni tó rán ọ.