TA NI ẸNÌKEJÌ WA?
Ẹ̀kọ́ kékeré lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "neighbour"



Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn ọmọ wa ń mú bọ̀ láti ilé-ìwé, tí àwa náà sì ń lò ní ọjà àti ní ọ́fíìsì láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ni "neighbour". Bí ọmọdé bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, "aládùúgbò" ni a ó sáré wí fún un. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú Òfin Mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí Ìjọ Mímọ́ ti ń kà wọ́n, mẹ́ta ni ó dárúkọ ẹni yìí gan-an: ẹ̀kẹjọ, tí ó kọ ẹ̀rí èké sí i, ẹ̀kẹsàn-án, tí ó kọ ojúkòkòrò sí aya rẹ̀, àti ẹ̀kẹwàá, tí ó kọ ojúkòkòrò sí ohun ìní rẹ̀. Bí a kò bá mọ ẹni tí òfin ń sọ, báwo ni a ó ti ṣe pa òfin náà mọ́?

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ so pọ̀ láti fi ṣẹ̀dá orúkọ yìí. Èkíní ni "nítòsí". Èkejì ni "àgbẹ̀" tàbí "ẹni tí ó tẹ̀dó". Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìbátan ọ̀rọ̀ náà wà ní èdè àwọn ará Họ́láǹdì títí di òní, níbi tí "buur" ti jẹ́ aládùúgbò, tí "boer" sì jẹ́ àgbẹ̀. Èdè Látìn, tí Ìjọ wa fi gbàdúrà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, pè é ní "proximus", èyíinì ni ẹni tí ó súnmọ́ wa jùlọ.

Èdè tiwa ní ju orúkọ kan lọ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀. Aládùúgbò ni ẹni tí a jọ wà ní àdúgbò kan, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Alámùúlétì ni ẹni tí ilé rẹ̀ fara ti ilé wa. Alábàágbé ni ẹni tí a jọ ń gbé. Ará ilé ni ẹni tí a jọ wà ní agbolé kan náà, òun sì ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tún kù, tí kò ní odi, tí kò sì ní òpópónà: ẹnìkejì, tàbí ọmọnìkejì. Bí èmi bá jẹ́ ẹni kìíní, ẹnikẹ́ni tí mo bá bá pàdé ni ẹni kejì. Kò béèrè ibi tí ó ń gbé, kò sì béèrè ẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ó yí Bíbélì sí èdè Yorùbá fi sí ẹnu amòfin tí ó bi Jésù Olúwa wa léèrè nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kẹwàá.

Amòfin náà ń fẹ́ mọ ibi tí ààlà ìfẹ́ dé. Olúwa kò fi ààlà kankan hàn án. Ó sọ fún un nípa ọkùnrin kan tí ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà ní ọ̀nà Jẹ́ríkò. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá. Ará Samáríà, tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, ni ó di ọgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì san owó ilé èrò fún un. Lẹ́yìn náà ni Olúwa yí ìbéèrè padà. Kò béèrè ẹni tí ó jẹ́ ẹnìkejì fún wa. Èwo nínú àwọn mẹ́ta náà ni ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹnìkejì ẹni tí a lù, èyíinì ni ó béèrè. Póòpù Francis, tí ó di olóògbé ní ọdún 2025, fi odidi orí kejì nínú ìwé rẹ̀, Fratelli Tutti, ti ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ṣe àlàyé ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí etí ọ̀sà tiwa. Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba wó Maroko, ní àbáwọlé Lẹkki yìí. Àwọn tí a fojú díwọ̀n sí 300,000 ni ó di aláìnílé. Díẹ̀ nínú àwọn onílé ni a fún ní ibùgbé ní Ìlàsàn àti Ìkọ́ta. Láàrin oṣù Kọkànlá ọdún 2016 àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, a lé àwọn apẹja Otodo Gbame, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Ẹ̀gùn, kúrò ní etí ọ̀sà. Wọ́n lé ní 30,000. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé lílé tí a lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Bí "neighbour" bá jẹ́ kìkì ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ tiwa, ọjọ́ tí a wó ilé wọn ni wọ́n ti kúrò ní ẹni wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ ẹnìkejì wa, kò sí katapílà tí ó lè wó ìyẹn.

Lónìí, odi àti géètì ni ó yí ọ̀pọ̀ ilé ká láti Lẹkki dé Àjáh. Odi kò ṣẹ̀. Olè ń bẹ ní ìlú. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tí ń ṣí géètì fún wa ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ǹjẹ́ a mọ orúkọ rẹ̀? Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ó ń tọ́jú ọmọ wa, ǹjẹ́ ó ń rí àyè wá sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi? Ilẹ̀ wa tóóró, ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun, omi òjò kò sì ní ibi púpọ̀ láti gbà. Ẹni tí ó bá da yanrìn sí ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ga ju ti alámùúlétì rẹ̀ lọ láìlà ọ̀nà fún omi, tàbí tí ó kọ́lé dí ojú gọ́tà, inú yàrá ẹnìkejì rẹ̀ ni ó ń darí àgbàrá sí. Ọ̀ràn báyìí tọ́ kí a yẹ̀ wò kí a tó kúnlẹ̀ fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa béèrè orúkọ ẹnìkan tí ó ń rí lójoojúmọ́ tí kò mọ̀, kí ó sì bi í bí ara àti ilé rẹ̀ ti rí. Bí ọmọ wa bá sì tún béèrè ìtumọ̀ "neighbour", kí a sọ fún un pé ìwà ẹni ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Kí Olúwa, tí ó súnmọ́ wa nígbà tí a jìnnà sí i, fún wa ní ọkàn tí ń súnmọ́ ènìyàn. Àmín.