Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: "Must" Tòní àti "Must" Tàná

Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó tajà àwìn àti ẹni tó rà á. "Must" ni ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkíní, ó ń fi dandan hàn. "You must pay on Friday": ẹ gbọ́dọ̀ san án ní ọjọ́ Jímọ̀. (Ẹ má ṣe fi "to" tẹ̀ lé e. "You must to pay" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kó pọ̀ tó lẹ́nu wa.) Èkejì, ó ń fi ìdánilójú hàn, irú ìdánilójú ẹni tí kò fojú rí nǹkan ṣùgbọ́n tó rí àmì rẹ̀. Ká ní ẹ ń bọ̀ láti Lekki, ẹ dé itòsí Ajah, mọ́tò tò lọ bẹẹrẹ, kò sí èyí tó ń mira. Ẹ ní, "There must be an accident in front." Ẹ kò pàṣẹ pé kí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ń sọ ni pé ó ní láti jẹ́ pé ìjàǹbá wà níwájú.

Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti òní, kò sí wàhálà. Tó bá di ti àná ni ọ̀nà pín sí méjì, nítorí "must" kò ní ti àná tirẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, òun gan-an ni ti àná fún ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti kú. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wá di ti òní, àyè rẹ̀ ṣófo. Nítorí náà, dandan àná di "had to", ìdánilójú lórí ohun tó ti kọjá di "must have". Dandan ọ̀la ni "will have to".

Ẹ wá wo ibi tí owó ti ń sọnù. Oníbàárà kan jẹ yín ní owó àpò ìrẹsì. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ó di dandan fún òun lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sanwó fún dẹ́rẹ́bà yín kó tó já ẹrù. Ó wá kọ ọ́ pé, "I must have paid your driver." Ohun tó kọ yìí túmọ̀ sí pé, "Ó ní láti jẹ́ pé mo ti san án fún dẹ́rẹ́bà yín." Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ sanwó ti wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń méfò! "I had to pay your driver" ni ìbá kọ. Lójú tèmi, "I paid your driver", pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó, ló tún dára jù.

Kí ló ń fa àṣìṣe yìí? Yorùbá wa ni. "Ní láti" ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: "Ó ní láti san án lánàá" yàtọ̀ sí "Ó ní láti jẹ́ pé ó san án lánàá." "Jẹ́ pé" ni àmì. Níbi tí "jẹ́ pé" bá ti wọlé tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti àná, "must have" ni. Níbi tí kò bá sí, "had to" ni.

Ní ti "kò", "You must not bring cash" jẹ́ èèwọ̀: ẹ kò gbọdọ̀ mú owó wá. "You don't have to bring cash": kò pọn dandan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú un wá, kò burú. Tó bá sì dá yín lójú pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀, "can't have" ni kí ẹ lò.

Òfin kì í sábà lo "must". "Shall" ló fẹ́ràn. Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ lápá Ajah àti Sangotedo, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀la ni "shall" níbẹ̀. Nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, abala 22, "shall not" ni wọ́n fi ka títa ilẹ̀ tàbí fífi í dógò láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà léèwọ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ fagi lé ìwé ìdógò tí wọ́n ṣe láìgba ìyọ̀ǹda náà. "May" ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ "lè". Tí ìwé bá ní "the seller may refund", ẹni tó tajà lè dá owó padà, ó sì lè má dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ "shall" kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ gbìyànjú mẹ́ta yìí, kí ẹ fọwọ́ bo ìdáhùn ná: (1) Àná, a ní láti sùn sọ́jà nítorí òjò. (2) Ó ní láti jẹ́ pé òjò ti ba sìmẹ́ǹtì náà jẹ́. (3) Kò lè jẹ́ pé òun ló fọwọ́ sí ìwé yìí.

Ìdáhùn: (1) "Yesterday we had to sleep in the market because of the rain." (2) "The rain must have spoiled the cement." (3) "He can't have signed this paper."