Àpótí Ìmọ̀: Àwọn Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì Àkọ́kọ́ Nínú Àwòrán

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn mọ́ George Whitefield àti John Wesley ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n gbé ìwàásù wọn lọ sí pápá gbalasa, àwọn ayàwòrán sì tẹ̀ lé wọn. Nínú àwòrán Whitefield tí John Wollaston fi ọ̀dà kùn ní nǹkan bí ọdún 1742, oníwàásù náà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìmọ́lẹ̀ sì tàn sójú obìnrin kan tó tẹjú mọ́ ọn nísàlẹ̀ àga ìwàásù. Ní ọdún 1762, ẹ̀gàn ni ayàwòrán William Hogarth fi tirẹ̀ ṣe, nínú àwòrán fínfín, ìyẹn àwòrán tí a fín sára bàbà kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé: bí oníwàásù rẹ̀ ti ń pariwo, irun àtọwọ́dá ń bọ́ lórí rẹ̀, ó sì di ọmọlangidi àjẹ́ àti ti Sàtánì mú lọ́wọ́. Nítorí náà, bí àwòrán ti ń jẹ́rìí nípa oníwàásù, bẹ́ẹ̀ ló ń tú ọkàn ẹni tó yà á síta, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wo méjèèjì pọ̀.