Ẹ Jẹ́ Kí Àwo Náà Yí Tán

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí ara yín kì í balẹ̀? Orin ò tíì wọlé tán lórí fóònù yín tí àtàǹpàkò yín á ti tì í kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti London dé gbé orin ijó tí wọ́n ń pè ní deep house sí wa létí ní ìta wa ní Ajégúnlẹ̀, wákàtí méjì gbáko, àwo ni DJ rẹ̀ fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń dìde níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Àǹtí, orin yìí ò lọ síbì kankan.”

Ó ń lọ o! Ẹ̀yin lẹ ò dúró dè é.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ DJ yẹn. Àwo méjì ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, ìlù ń dún gbìm, gbìm, gbìm, gbìm, bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń fi etí kan gbọ́ èyí tí àwa ń jó sí, ó ń fi etí kejì gbọ́ èyí tó ń bọ̀. Á fi ìka kan etí àwo fẹ́ẹ́rẹ́, á dá a dúró díẹ̀, á tún tì í síwájú díẹ̀, títí ìlù méjèèjì á fi bára mu. Ẹ ò ní mọ ìgbà tí ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Chicago ni orin house ti bẹ̀rẹ̀, ní kílọ́ọ̀bù Warehouse tí Frankie Knuckles ti ń yí àwo láti 1977.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé nǹkan àjèjì ni orin gígùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún wa? Ẹ gba Boundary kọjá, kí ẹ forí lé Wharf Road ní Àpápá. Ibẹ̀ ni sítúdíò EMI wà láyé ọjọ́un. Paul McCartney kó ẹgbẹ́ Wings wá síbẹ̀ ní 1973 láti ṣe àwo Band on the Run. Ẹ má bínú, kì í ṣe ti òyìnbó ni mo fẹ́ sọ. EMI yìí kan náà ló gbé àwo Confusion ti Fẹlá jáde ní 1975: orin kan ṣoṣo, ojú àwo méjèèjì, bí ìṣẹ́jú 25. Fẹlá wà nídìí dùùrù, Tony Allen wà nídìí ìlù, wọ́n ń wá ara wọn kiri fún ìgbà pípẹ́ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ní 2018, Jeff Mills, ọmọ Detroit tó ń ṣe techno, ìbátan house, bá Tony Allen ṣe àwo pọ̀.

Obey àti Sunny, àwọn olórin jùjú wa, ńkọ́? Ojú àwo kan, orin á máa wọnú orin, gángan ò ní sinmi. Nílé wa, bí iná bá lọ lójijì, àwo á máa falẹ̀, ohùn Sunny á máa wọlẹ̀ títí á fi dákẹ́. A ò ní dìde. Iná á dé, ohùn á tún gbéra láti ibi tó kú sí, gbogbo ilé á hó yèè! Orin lè pọ̀ lórí fóònù yín, àmọ́ bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ta àwo bàbá yín fún àwọn tó ń rà á kiri, ẹ fi í sílẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé bí ilà rẹ̀ ṣe yí. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e, ẹ jókòó. Bí ojú kìíní bá tán, kí ẹ dìde, kí ẹ fọwọ́ ara yín yí i sí ojú kejì.