Ẹsẹ̀ Mọ Bọ́ọ̀lù, Ṣé Ibi Eré Gbà fún Un?

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Kí ló ń mú kí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù dárà lánàá má lè fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ lónìí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè mọ̀ pé pápá kan ṣoṣo a máa di méjì láàrin ọdún. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a le, bọ́ọ̀lù a máa ta, kí èèyàn tó fi ẹsẹ̀ dá a dúró, ó ti fò kọjá. Nígbà òjò, èyí tí a gbá nílẹ̀ a dúró sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń gbá a lórí yanrìn ní Ogun Waterside náà mọ bí ẹsẹ̀ ti ń rì.

Ti ooru tún burú ju ti ilẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1994, Super Eagles pàdé Ítálì ní Foxboro, nítòsí Boston ní Amẹ́ríkà. Aago kan ọ̀sán ni eré bẹ̀rẹ̀. Emmanuel Amuneke gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú 25. Gianfranco Zola wọlé ní ìdajì kejì, kò sì pẹ́ tó fi gba káàdì pupa, Ítálì wá ku mẹ́wàá. Síbẹ̀, ní ìṣẹ́jú 88, Roberto Baggio dá góòlù náà padà. Nínú àfikún àkókò, ó gbá pẹnáritì wọlé, ó di 2-1. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní orí ló kọ̀ ọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá rẹ ara, ẹsẹ̀ kì í tètè dé ìdí bọ́ọ̀lù mọ́, ojú kì í sì í tètè rí ẹnìkejì tó wà lófo. Òótọ́ ni pé oòrùn kan náà ló pa Ítálì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi góòlù kan ṣáájú a máa fà sẹ́yìn, a máa gbá bọ́ọ̀lù dànù láti ṣọ́ ilé; ẹni tó ń wá góòlù kò ní ibi tí yóò fà sí.

Òkè pẹ̀lú ní tirẹ̀. Addis Ababa fi ohun tó lé ní mítà 2,300 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́: èémí a tètè gé, bọ́ọ̀lù tí a gbá sókè a sì yára ju bí a ti rò lọ. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, 2013, Ethiopia ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, kí Emmanuel Emenike tó gbá méjì, tí ìkejì jẹ́ pẹnáritì ní ìparí eré.

Lọ́dún 2014 ní Brazil, àjọ FIFA gbà kí rẹfirí máa dá eré dúró fún omi mímu bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ẹ má fi ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, nígbà tí ara ṣì le. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n sáré títí yóò fi rẹ̀ wọ́n, kí ẹ tó gbé bọ́ọ̀lù fún wọn. Bí ẹrẹ̀ bá wà, kí wọ́n gbá a sókè. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ẹ fi ìdánrawò sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀, kí omi lè wà nítòsí.