Ọkọ̀ Tuntun Tó Ń Gbọ̀n Lórí Eré

Ìbéèrè: Bí ọkọ̀ tuntun mi bá ti sáré dé 100 ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, á máa gbọ̀n. Wọ́n ti ṣe àláìnmẹ́ǹtì rẹ̀, àmọ́ gbígbọ̀n náà kò lọ.

Ìdáhùn: Àláìnmẹ́ǹtì kọ́ o jàre, bí ìyẹn bá bàjẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ sábà máa ń fà sí. Bálánsì táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òjé kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù lè ti já bọ́. Bó bá jẹ́ sítíárìn ló ń gbọ̀n, ẹ fura sí táyà iwájú. Bó bá jẹ́ ìjókòó, tẹ̀yìn ni. Ẹ gbé ti iwájú sẹ́yìn, kí ẹ tún sáré wò. Bí ìgbọ̀n náà bá bá táyà lọ, ọwọ́ ti tẹ olè. Kí mẹkáníìkì àdúgbò má tú nǹkan kan o: ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ gbé e padà fún, nígbà tí wáráńtì ṣì wà.